ÌWÉ ÌBÉÈRÈ KÌ Í ṢE ÌWÉ Ẹ̀BẸ̀: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Béèrè Owó fún Ẹ̀kọ́ Àfọwọ́ṣe, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Oṣòdì àti Ìsọlọ̀

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín lónìí lè kéré lójú ẹlòmíràn. Ó lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé ta ni kò mọ lẹ́tà kọ, tí a fi ní láti pe àwọn ènìyàn jọ nítorí rẹ̀. Èsì mi ni pé lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń béèrè owó láti lọ kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí lẹ́tà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ ìwé dáadáa ni ó ń pàdánù àǹfààní nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, máàkì wọn sì dọ́gba. Bàbá èkínní mọ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ó bá a sọ ọ́ ní ibi ìnáwó, ọ̀rọ̀ sì parí. Ìyá èkejì ń ta ata ní Oṣòdì. Kò mọ ọ̀gá kankan, owó ọkọ̀ oṣù mẹ́fà sì ju agbára rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè wọ ọ́fíìsì tí ọmọ yìí fúnra rẹ̀ kò lè wọ̀ ni ìwé tí ó bá kọ. Ìwé náà ni ẹbí rẹ̀ níbẹ̀. Bí ìwé náà bá ń kólòlò, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a tún un sọ.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé ìbéèrè owó kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé àdéhùn ni. Ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tí ó ń ṣe àdéhùn ń sọ ohun tí òun yóò ṣe, ibi tí òun yóò ti ṣe é, iye tí yóò ná òun, àti ohun tí yóò kù nílẹ̀ nígbà tí owó bá tán. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yóò máa padà sí ibẹ̀.

2. Ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe: ohun àtijọ́ tí ó ní orúkọ tuntun

Ohun tí mo pè ní ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe ni ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ní ibi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ gan-an, yálà ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, oko, ọjà tàbí ọ́fíìsì, lábẹ́ ojú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Herman Schneider bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Cincinnati ní ọdún 1906: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń pààrọ̀ àkókò kíláàsì pẹ̀lú àkókò ilé iṣẹ́. Ní ọdún 1938, John Dewey kọ ìwé kan lórí ìrírí àti ẹ̀kọ́, ó sì kìlọ̀ níbẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìrírí ni ó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1984 ni David Kolb to ọ̀rọ̀ náà sí ìpele mẹ́rin: ènìyàn a ṣe nǹkan, a padà ronú sí ohun tí ó ṣe, a fa òye jáde láti inú rẹ̀, a sì tún fi òye náà dán nǹkan tuntun wò.

Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí Yorùbá níbẹ̀. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ a kọ́kọ́ máa fín ẹwìrì. Bí ó ti ń fín in, ojú rẹ̀ wà lára irin. Kò pẹ́ tí yóò fi mọ àwọ̀ tí irin ń ní kí ó tó ṣeé lù. Lọ́jọ́ tí a bá fún un ní òòlù, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ni ọwọ́ rẹ̀ yóò dán wò. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tí yóò fín ẹwìrì fún ọdún mẹ́ta tí kò ní mọ̀ ju fífín lọ. Àwọn méjèèjì ni ó wà ní ilé àrọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kẹ́kọ̀ọ́.

Ìdí nìyí tí gbólóhùn kan tí mo máa ń bá pàdé nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé “mo fẹ́ lọ ní ìrírí”, kò fi tó. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ nìkan ti ní ìrírí. Ohun tí ẹni tí ó fẹ́ fi owó sílẹ̀ ń wá ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi ìrírí náà mọ̀.

3. Ibi tí owó ti ń wá, àti bí ó ti tó

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni ìjọba ológun ilẹ̀ wa fi Òfin 47 dá àjọ ITF sílẹ̀, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos, láti máa kó owó jọ fún kíkọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́. Ní ọdún 1973, àjọ náà gbé ètò SIWES kalẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í pè ju “àítì” lọ, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ ọ̀rọ̀ sọ ju kí wọ́n mọ iṣẹ́ ṣe lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ politẹ́kíníìkì ń lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ń lo oṣù mẹ́fà.

ITF nìkan ni ó gbé bùkátà ètò náà títí di ọdún 1978, nígbà tí iye akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju ohun tí àpò rẹ̀ lè gbà lọ. Ní ọdún 1979, ìjọba àpapọ̀ gbé e fún àwọn àjọ tí ń bójú tó yunifásítì àti politẹ́kíníìkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1984, ìjọba pinnu láti dá a padà fún ITF. Àjọ náà sì tún gbà á ní ọdún 1985, pẹ̀lú àdéhùn pé ìjọba àpapọ̀ ni yóò máa pèsè owó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé owó gbogbo wa ni owó yìí, kò sì fi ìgbà kan pọ̀ ju àwọn tí ó nílò rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń pín in ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí a là sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ètò SIWES ni 2,500 náírà lóṣù, ìyẹn 15,000 náírà fún oṣù mẹ́fà. Bí a bá ka oṣù mẹ́fà sí ọ̀sẹ̀ 24, tí a sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọjọ́ 120 ni. Bí a bá pín 15,000 sí 120, ohun tí ó kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni 125 náírà. Ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ láti Ìsọlọ̀ lọ sí Ìkẹjà lónìí mọ ibi tí 125 náírà lè gbé e dé. Owó náà kì í sì í tètè dé: ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, tí akẹ́kọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ bá ti kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sínú ìwé tí a ń pè ní Fọ́ọ̀mù 8. Òfin owó-yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2024 la ọ̀nà mìíràn fún owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó ìtọ́jú ara, ṣùgbọ́n gbèsè ni, a ó san án padà.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní alátìlẹ́yìn gbọ́dọ̀ béèrè ìrànwọ́ níbòmíràn: lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ gbà á, lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Níbẹ̀ ni ìwé tí à ń sọ ti wọlé.

4. Àdéhùn ọmọ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe

Ẹ rìn láti abẹ́ afárá Oṣòdì títí dé Ìsọlọ̀, ẹ ó rí ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, télọ̀, ajórin, kápẹ́ńtà àti onídìrí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣàdédé bọ́ síbẹ̀. Òbí mú un wá, àwọn àgbà jókòó, a sì sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn a ó kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀rí ènìyàn ni ìwé rẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n máa ń sọ: iṣẹ́ wo ni ọmọ fẹ́ kọ́, ta ni ọ̀gá, ọdún mélòó, èló ni owó ìkọ́ṣẹ́, ta ni yóò sì ra ohun èèlò, ta ni onígbọ̀wọ́, kí ni ọmọ yóò lè dá ṣe ní ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira. Ìyá ọmọ lè jẹ́ òtòṣì, ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí yóò fi omijé rọ́pò ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, kò sì sí ọ̀gá gidi tí yóò gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, níbo ni àwọn ọmọ wa tí ó ka ìwé ti rí àṣà ìwé ẹ̀bẹ̀? Mo rò pé ogún ayé ìjọba amúnisìn ni. Láyé ìgbà náà, ẹni tí kò mọ ìwé a lọ bá akọ̀wé-fún-ni tí ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ lẹ́bàá kọ́ọ̀tù tàbí ilé ìfìwéránṣẹ́, kí ó bá a kọ̀wé sí ọ̀gá òyìnbó. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kún fún ìdọ̀bálẹ̀: ìránṣẹ́ yín tí ó kéré jù lọ, ẹ ṣíjú àánú wò mí. Àwọn akọ̀wé wọ̀nyí kò gọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí kò jẹ wọ́n ní àlàyé kankan, àánú rẹ̀ nìkan ni ó kù. Ìjọba yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú lẹ́tà wa.

5. Ìbéèrè mẹ́fà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn ìbéèrè mẹ́fà tí àwọn àgbà ń béèrè nípa ọmọ iṣẹ́, ó ti kọ ìwé tí ó lágbára. N ó fi àpẹẹrẹ kan tí mo gbé kalẹ̀ fúnra mi ṣe àlàyé wọn. Ní Oṣòdì ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní FIIRO wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Òun ni ó ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ ṣe gààrí, òun náà ni ó sì ṣe ògì tí a pò mọ́ ẹ̀wà sóyà fún oúnjẹ àwọn ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ kan fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ó lè kọ báyìí:

“Mo ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ yín kí ẹ ṣàánú mi. Ọmọ tálákà ni mí, ṣùgbọ́n aláápọn ni mí. Mo nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ oúnjẹ gan-an, mo sì fẹ́ ní ìrírí tí yóò ṣe mí láǹfààní lọ́jọ́ iwájú.”

Ó sì lè kọ báyìí:

“Mo fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ 24 ní FIIRO, Oṣòdì, láti mọ bí iye ọjọ́ tí a fi ẹ̀gẹ́ rírin sílẹ̀ kí ó kan ṣe ń kan ọ̀rinrin gààrí àti bí ó ṣe ń pẹ́ tó nílẹ̀. N ó yan gààrí tí ó lo ọjọ́ 2, ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 5, n ó sì máa wọn ọ̀rinrin wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń wọn ọ̀rinrin ní yàrá ìwádìí ẹ̀ka wa.”

Ìwé kejì kò gùn ju èkínní lọ fún ohun tí ó sọ, kò sì ní ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á ti rí ọmọ náà níbi iṣẹ́.

Ìbéèrè èkínní ni: kí ni o fẹ́ mọ̀? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó ṣeé dáhùn láàárín àkókò tí a ní. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ford Foundation sì fi owó tì í lẹ́yìn. Wọn kò kàn sọ pé èdè wa dára. Wọ́n béèrè bóyá ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ títí dé ìparí yóò ṣe dáadáa ju èyí tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà, wọ́n sì ní kíláàsì tí wọn yóò fi wé ara wọn. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kéré sí èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀.

Èkejì: lọ́dọ̀ ta ni? Dárúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹ̀ka tí o ń lọ, kí o sì so lẹ́tà ìgbàwọlé wọn mọ́ ìwé rẹ. Sọ ìdí tí ó fi jẹ́ ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò tí ó yan ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ ní ìdí tí ó dájú. Èyí tí ó wí pé “ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó” kò tíì ní.

Ẹ̀kẹta: fún ìgbà wo? Pín àkókò náà: ọ̀sẹ̀ mélòó fún mímọ ibi iṣẹ́, mélòó fún iṣẹ́ fúnra rẹ̀, mélòó fún kíkọ ìròyìn. Fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí iná kò ní sí àti ọjọ́ tí òjò yóò dí ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ètò rẹ̀ débẹ̀ fi hàn pé Èkó ni òun ń gbé.

Ẹ̀kẹrin: èló ni? Níbí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń wó. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ iye kan gbáko, a sì dákẹ́. Fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Bí owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ bá jẹ́ 1,000 náírà lójúmọ́, kọ ọ́ pé 1,000 lọ́nà 120 jẹ́ 120,000 náírà. Kọ owó aṣọ iṣẹ́ àti bàtà ààbò sí ìlà tirẹ̀. Sọ èyí tí ìwọ tàbí ẹbí rẹ yóò san, bí ó tilẹ̀ kéré. Ó ń fi hàn pé o ti fi ọwọ́ ara rẹ kan ẹrù kí o tó pe olùrànlọ́wọ́. Má ṣe bu owó lé e nítorí o rò pé wọn yóò gé e. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn tí ń ka irú ìwé yìí sì ń wọ ọkọ̀ nílùú kan náà.

Ẹ̀karùn-ún: ta ni yóò dúró fún ọ? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Olùkọ́ tí yóò kọ̀wé fún ọ nílò kí o fún un ní ẹ̀dà ìwé rẹ àti àkókò tí ó tó, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ tí ó kù ọ̀la. Yan ẹni tí ó ti rí iṣẹ́ rẹ ju ẹni tí oyè rẹ̀ ga lọ. Ìlà mẹ́ta láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́ níye lórí ju ojú ìwé kan láti ọwọ́ ẹni tí ó ń béèrè orúkọ rẹ.

Ẹ̀kẹfà: kí ni yóò kù nílẹ̀? Owó ọkọ̀ yóò tán, bàtà yóò gbó. Sọ ohun tí yóò ṣẹ́kù: ìròyìn tí ilé iṣẹ́ yóò rí gbà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ẹ̀ka rẹ, ìmọ̀ràn fún àwọn obìnrin tí ń yan gààrí ní àdúgbò. Sọ bí ìwọ yóò ṣe máa ronú sí iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí SIWES ń béèrè wà fún èyí, bí a bá kọ ohun tí ó yani lẹ́nu sínú rẹ̀ dípò kí a máa kọ “a ṣiṣẹ́ bí i ti àná” títí oṣù mẹ́fà fi pé.

6. Ìwà ọmọlúàbí àti ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti sọ fún mi pé ìtìjú ni ó ń dí wọn lọ́wọ́. A tọ́ wọn pé ọmọ gidi kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀, a sì tún kọ́ wọn pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Ẹ̀kọ́ rere ni méjèèjì, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù wọ́n nù. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ń di odidi nítorí pé ẹni tí ń gbọ́ ọ mọ ilé, ó mọ ọ̀nà, ó mọ ìyá tí ó bí ọ. Ìgbìmọ̀ tí ń pín owó kò mọ ìkankan nínú wọn. Bí o bá sọ ààbọ̀ fún wọn, ààbọ̀ náà ni yóò wà bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìyìn ara ẹni, ọ̀nà àbáyọ wà. Má ṣe sọ irú ẹni tí o jẹ́. Sọ ohun tí o ti ṣe. “Aláápọn ni mí” jẹ́ ìyìn. “Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ní ọdún tí ó kọjá, mo ń bá ìyá mi ṣírò owó ọjà rẹ̀” jẹ́ ìròyìn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń yin ni níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àìní. Kò sí ìtìjú nínú àìní, ó sì yẹ kí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tàbí méjì tó, ní ibi tí a ti ń ṣe ìṣirò owó. Bí ó bá kún inú ìwé láti òkè dé ilẹ̀, kò ní sí àyè fún iṣẹ́ náà mọ́.

Ìmọ̀ràn kan ṣì kù. Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń fi kọ ìwé yìí, Gẹ̀ẹ́sì sì rọrùn láti sá pamọ́ sí. Kí o tó kọ ọ́, fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnì kan tí kò lọ sí yunifásítì: ìyá alátà, awakọ̀, ẹ̀gbọ́n tí ń ránṣọ. Bí ó bá lè sọ ohun tí o fẹ́ lọ ṣe padà fún ọ, o ti ní ìwé. Bí ó bá wí pé “ẹ̀kọ́ yín ga ju tiwa lọ”, padà lọ ronú. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà má tíì mọ̀ ọ́n.

7. Ohun tí ó kan àwa àgbà

N kò fẹ́ kí a di gbogbo ẹrù lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tí ó mọ ènìyàn ni yóò ṣáà gbà á, bí ìwé ti wù kí ó dára tó. Mo mọ̀ pé ó ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, lẹ́tà kan kò sì lè wo àrùn yẹn sàn. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ nílò ohun tí yóò dì mú nígbà tí wọ́n bá ń ti orúkọ kan bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìwé tí ó ní ìbéèrè, ètò àti ìṣirò nínú ni yóò gbé sókè pé, “Èyí ńkọ́?” Bí kò bá rí irú rẹ̀, kò ní ohun ìjà.

Ó yẹ kí ẹ̀yin tí ń fúnni ní owó kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ kí ìbéèrè tó wọlé, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí kò rí gbà, ní ìlà kan péré, ibi tí ìwé rẹ̀ kù sí. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ fi wákàtí díẹ̀ kọ́ èyí ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí àkókò SIWES tó dé, kí a sì ka ìwé àwọn ọmọ kí a tó fọwọ́ sí i. Olùkọ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé tí kò kà ti fi ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ síta láìmọ ohun tí ó wọ̀ sọ́rùn.

8. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti sọ pé ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe kì í ṣe àlejò láàárín wa, pé owó tí à ń béèrè fún un jẹ́ owó gbogbo wa tí kò tó, àti pé àwòkọ́ṣe ìwé tí ó lágbára ti wà ní ìsọ̀ mẹkáníìkì àti télọ̀ ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri: kí ni, lọ́dọ̀ ta ni, fún ìgbà wo, èló, ta ni onígbọ̀wọ́, kí ni yóò kù nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè má rí owó gbà ní ọdún yìí, nítorí owó kò tó. Ṣùgbọ́n ó ti mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe, ìwé náà yóò sì wúlò fún un níbòmíràn. Ẹni tí ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọn kò gbà kò ní ju ojú tì lọ.